Wọ́n ti kó gẹdú lọ, igi tẹ́ ẹ gbìn ò yè: bẹ́ ẹ ṣe máa tún ilẹ̀ ṣe kí igbó tó padà

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Onígẹdú á wọ igbó ẹbí, wọ́n á gé arère, afárá, ọ̀mọ̀, agbégilódò á kó o jáde, owó á wọlé, ẹbí á pín in. Tó bá di June, àwọn ọmọ ilé á ra ọ̀gànwó tàbí mẹlínà inú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á gbìn ín sí gbogbo ibi tó ṣófo, wọ́n á ya fọ́tò. Kí ọyẹ́ tó lọ tán, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti kú, èyí tó kù ò ga kọjá orúnkún, ewé ẹ̀ ti pọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n á tún ra òmíì, nǹkan kan náà á tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá máa bú ẹni tó ta igi fún wọn.

Ẹ fi ẹni tó ta igi sílẹ̀, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ibi tí katapílà àti agbégilódò ti tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ ti dì, omi òjò ò wọnú ẹ̀ mọ́, gbòǹgbò ò ríbi gbà, ilẹ̀dú tó wà lókè tí oúnjẹ igi wà nínú ẹ̀ ti bá ọ̀gbàrá lọ. Ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, pàápàá ilẹ̀ pupa oníyanrìn ti Rẹ́mọ láti Ṣágámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kò fi oúnjẹ pamọ́ sísàlẹ̀, òkè níbẹ̀ ló wà, ìwọ̀nba tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò mọ́lẹ̀ lóòró. Tí ìyẹn bá ti lọ, kò sí igi tẹ́ ẹ máa gbìn tó máa rí nǹkan jẹ. Nítorí náà ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe, ká tó sọ̀rọ̀ igi, tẹ́ ẹ bá sì ṣe é dáadáa apá ibì kan wà nínú ilẹ̀ yẹn tẹ́ ò ní gbin igi kankan sí tí igbó á fi padà fúnra ẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí tàbí ilẹ̀ ara ẹni ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, bóyá Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Orù, Ìlíṣàn, Ìṣarà, ibi yòówù kó jẹ́. Tó bá jẹ́ igbó ọba ni, bí irú igbó Ọmọ̀ lápá J4 ní Ìjẹ̀bú, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dáàbò bò láti 1977, ẹ má mú àdá wọ ibẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì fọ́rẹ́sìrì, kódà tó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́ lọ gbìn.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀

- Àdá, ọkọ́, díggà, ṣọ́bìrì, bárò kan tó bá wà.
- Irin rọ́ọ̀dù kan tó gùn tó mítà kan, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, tinrín ni kẹ́ ẹ mú.
- Agolo ńlá kan tẹ́ ẹ ti gé ìdí àti ẹnu ẹ̀ kúrò, àti wọ́ọ̀ṣì tàbí fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú.
- Okùn tó gùn ní mítà 5 géérégé, pẹ̀lú èèkàn kan.
- Pákó kan tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, pẹ̀lú okùn tó lágbára (ẹ máa rí ohun tá a fẹ́ fi ṣe níwájú).
- Ìgbẹ́ adìẹ. Kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, àwọn olóko adìẹ ń wá ẹni tó máa bá wọn kó o.
- Irúgbìn òtìlì, àti ẹ̀ka àgùnmániyè tẹ́ ẹ máa gé lára igi tó ti dàgbà.
- Ènìyàn. Èèyàn méjì tó máa padà wá lóṣooṣù sàn ju ogún èèyàn tó máa wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àsìkò: ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ ní February sí March, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹni tó bá dúró di June kó tó gbẹ́ ihò ti pẹ́.

1. Ẹ pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta

Èyí làwọn èèyàn máa ń fò kọjá, wọ́n á kàn máa ṣe nǹkan kan náà káàkiri gbogbo ibẹ̀. Ẹ rìn yí i ká, ẹ fi èèkàn sàmì (apá ilẹ̀ ni mò ń pè ní ọ̀nà A, B, D níbí):

Ọ̀nà A ni ibi tí igi ti ṣubú nìkan. Oòrùn ti wọlé síbẹ̀, igi kéékèèké ti ń hù, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀nà B ni ojú ọ̀nà tí katapílà gbà wọ́ gẹdú, ẹ máa rí ipa táyà, ẹ máa rí ibi tí omi ti gbẹ́ kòtò gígùn sáàárín ẹ̀. Ọ̀nà D ni ibi tí wọ́n ń kó gẹdú jọ sí kí mọ́tò tó gbé e, ibẹ̀ ló máa ń burú jù, èèpo igi, epo ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ pupa tó hàn síta.

Tí ojú ò bá dá yín lójú, ẹ lo rọ́ọ̀dù yẹn. Ọjọ́ kejì òjò ni kẹ́ ẹ lò ó, torí ilẹ̀ gbígbẹ á máa tàn yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í wọlẹ̀, ẹ má fi òòlù lù ú. Lábẹ́ igbó tí wọn ò fọwọ́ kàn, rọ́ọ̀dù á wọlé tó igbọ̀nwọ́ kan láìjà yín. Lójú ọ̀nà katapílà, kò ní kọjá ìka mẹ́ta mẹ́rin kó tó dúró gbọin. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé kò dìgbà tí katapílà bá kọjá nígbà ogún kí ilẹ̀ tó dì, ìgbà àkọ́kọ́ sí ìkẹta tó kọjá níbẹ̀ ló ti ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù lọ́jọ́ náà. Torí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe sọ fún onígẹdú, tẹ́ ẹ bá ṣì ní igi tẹ́ ẹ fẹ́ tà, pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni kó máa gbà, kó má ṣe la tuntun, kó má sì wọlé láàárín òjò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè nàka sí ibikíbi lórí ilẹ̀ náà kẹ́ ẹ sọ pé A ni, B ni, tàbí D. Tí ẹ ò bá tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tún rìn yí i ká.

2. Ẹ ka ohun tó ń hù fúnra ẹ̀

Lójú ọ̀nà A nìkan ni. Ẹ gún èèkàn mọ́lẹ̀, ẹ so okùn mítà 5 mọ́ ọn, ẹ rìn yí èèkàn ká. Gbogbo ohun tó wà nínú òbìrìkítí yẹn tó jẹ́ igi, tó sì ga ju orúnkún lọ, ẹ kà á. Kùkùté tó ti rúwé, ẹ kà á. Igi ńlá tó ṣẹ́kù, ẹ kà á. Koríko àti ìtàkùn kì í ṣe igi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kì í ṣe igi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́wàá tó jìnnà síra wọn, ẹ má lọ ṣa ibi tó dáa nìkan.

Tó bá jẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òbìrìkítí kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, ẹ má gbin igi kankan síbẹ̀. Ìyẹn ti ju igi 3,100 lọ lórí hẹ́kítà kan, ó tó láti pa ojú dé láìpẹ́. Iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ 15 ni, ẹ ní bíi 1,900, ó ku bíi 1,200 tẹ́ ẹ máa fi kún un. Òǹkà yìí máa dín owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná lórí igi kù gan-an, mo mọ ẹbí tí wọ́n ti fẹ́ lọ ra igi ẹgbẹ̀rún nígbà tó jẹ́ pé ìrókò, ìta àti àyúnrẹ́ ti hù sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àdá tí wọ́n fi ń "tún ibẹ̀ ṣe" ló ń bẹ́ ẹ lórí lóṣooṣù.

Ibẹ̀ làṣìṣe wà jù. Àwọn tẹ́ ẹ bá gbà láti ro oko ò mọ igi yàtọ̀ sí koríko, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa gé. Ẹ ge aṣọ pupa wẹ́wẹ́, ẹ so ó mọ́ gbogbo igi kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ dá sí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá síbẹ̀. Kí ẹ sì mú bàbá kan dání tó mọ orúkọ igi, ọdẹ tàbí ẹni tó ti ta gẹdú rí, wọ́n máa ń dá ọ̀gànwó mọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ewé mẹ́rin.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní òǹkà mẹ́wàá nínú ìwé, aṣọ pupa sì wà lára igi.

3. Ẹ dá omi dúró lójú ọ̀nà katapílà

Ẹ má tíì tú ilẹ̀ níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá tú u kí ẹ tó dá omi dúró, òjò April kan ṣoṣo á kó gbogbo ẹ̀ lọ sínú odò.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó dábùú ọ̀nà náà, kó má dábùú géérégé, kó dagun díẹ̀ kí omi lè yà kúrò lójú ọ̀nà sínú igbó. Kó jìn tó igbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ da ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbẹ́ sí apá ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ti ga, bíi mítà 15 sí ara wọn, níbi tó bá rọra dagun, bíi 30. Lẹ́yìn náà ẹ kó ẹ̀ka igi tí onígẹdú jù sílẹ̀, ẹ tò ó sójú ọ̀nà láàárín kòtò sí kòtò, kó dùbúlẹ̀ fẹ́ẹ̀rẹ́ lórí ilẹ̀, kó má gbé sókè. Ẹ̀ka tó gbé sókè ò dá omi kankan dúró, abẹ́ ẹ̀ lomi máa gbà.

Ibi táwọn èèyàn ti ń kùnà: wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹnu kòtò já sí kòtò míì tàbí já sí etí odò. Inú igbó tí ewé wà nílẹ̀ ẹ̀ ni kó já sí, kí omi lè tú ká.

Àti pé ẹ má finá sun àwọn ẹ̀ka yẹn. Mo mọ̀ pé iná yá, ó mọ́ lójú, eérú ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ dúdú mìnìjọ̀. Àmọ́ èyí tó jẹ́ nitrogen nínú ẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, ti bá èéfín lọ, òjò á fọ ìyókù lọ, ọdún kejì ẹ máa rí ilẹ̀ tó ti gbó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ lọ wò ó. Omi gbọ́dọ̀ máa yà sínú igbó ní kòtò kọ̀ọ̀kan, kó má fò ó kọjá. Tó bá fò ó, ẹ fi kòtò kan sí i lókè ẹ̀.

4. Ẹ tú ilẹ̀ tó dì

Ọ̀nà B àti D nìkan. Ẹ má tú ilẹ̀ ọ̀nà A rárá, gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Tirakítọ̀ tó ń ṣe háàrò lásán ò wúlò, òkè nìkan ló ń họ, ìsàlẹ̀ á ṣì le bíi síméǹtì, ìwúwo tirakítọ̀ fúnra ẹ̀ á sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Tí ẹ bá rí èyí tó ní eyín gígùn tó ń ya ilẹ̀ sísàlẹ̀, ó dáa, kó ṣe é nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò ní rí i, díggà la máa lò, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ tú gbogbo ilẹ̀ pátápátá. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó igbọ̀nwọ́ kan lọ́tùn-ún lósì, kó sì jìn tó bẹ́ẹ̀, ní mítà 2 sí ara wọn. Ẹ fi díggà ha ẹ̀gbẹ́ ihò kó má dán, ẹ gún ìdí ẹ̀ kó là, torí ihò tí ara ẹ̀ dán nínú ilẹ̀ amọ̀, bí ìkòkò ló ṣe máa gba omi dúró, gbòǹgbò á kàn máa yípo nínú ẹ̀ títí á fi jẹrà. Ilẹ̀ òkè ní apá kan, ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ ní apá kejì, ẹ má pò ó.

Ìgbẹ́ adìẹ: tútù ẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ tí kò gbóná mọ́, tí kò rùn mọ́, tó ti dúdú, ó ti jinná. Ó máa ń tó oṣù kan sí oṣù méjì. Ike pẹ́ǹtì kan fún ihò kan, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè yẹn, ẹ dá a padà sínú ihò, kó ga ju ojú ilẹ̀ lọ díẹ̀ torí ó máa rì. Tẹ́ ẹ bá lè lọ bu ilẹ̀dú díẹ̀ lábẹ́ igbó tí wọn ò gé, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ihò kan, ẹ fi sí i. Àwọn olú tíntìn-tíntìn wà nínú ilẹ̀ yẹn tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò igi tó ń bá a wá oúnjẹ, katapílà ti gbá wọn kúrò lójú ọ̀nà B àti D. Ibi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bù ú, díẹ̀ díẹ̀, ẹ má lọ gbẹ́ kòtò síbì kan.

Níbi tí epo ẹ́ńjìnnì bá ti dà sí, tí ilẹ̀ dúdú tó sì ń dán, ẹ fi ṣọ́bìrì ko ilẹ̀ náà kúrò lọ síbi tó jìnnà sí omi. Ẹ má gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* agolo yẹn rèé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀ tó ìka méjì, ẹ da omi kún un tó ìka mẹ́rin, ẹ ka àsìkò tó fi wọlẹ̀ tán. Ẹ ṣe é lábẹ́ igbó tí wọn ò fọwọ́ kàn, ẹ tún ṣe é lójú ọ̀nà B kẹ́ ẹ tó tú ilẹ̀, ẹ tún ṣe é lẹ́yìn tẹ́ ẹ tú u. Èyí ẹ̀yìn yẹn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti igbó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa nílò ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

5. Ẹ bo ilẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí òjò rí i

Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ń lù ú, á tún dì. Ẹ kó ìràwé, koríko tẹ́ ẹ gé, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ tó ìka mẹ́rin, kó má kan ìdí igi, ẹ fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ káàkiri ìdí ẹ̀ torí ikán àti ìjẹrà.

Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì: mo mọ̀ pé ó pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, Ìjẹ̀bú-Igbó kún fún un. Ẹ lè tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, àmọ́ ẹ má pò ó mọ́ ilẹ̀ nígbà tó ṣì tuntun. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń jẹ ẹ́ kí ó tó jẹrà á kó nitrogen tó wà nínú ilẹ̀, igi yín á pọ́n, ẹ máa rò pé àrùn ló mú un. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ́dún méjì tó ti dúdú, ẹ̀rù kankan ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbin ohun tó ń dá nitrogen padà sínú ilẹ̀. Òtìlì ló dáa jù fún wa, gbòǹgbò ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, á máa ya ilẹ̀ tó dì, ẹ tún máa rí nǹkan jẹ. Ẹ gbìn ín ní April tàbí May láàárín ihò sí ihò. Ẹ gé ẹ̀ka àgùnmániyè tó gùn tó mítà kan, tó sì nípọn tó ọ̀pá ọkọ́, ẹ fi gún ilẹ̀ káàkiri ọ̀nà D, ó máa ń yọ kíákíá, àwọn olóko kòkó mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ẹ máa gé ewé ẹ̀, ẹ máa dà á sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá fún yín ní irúgbìn wèrèpè láti fi bo ilẹ̀, ẹ bi í bóyá irú èyí tí kì í yún ara ni, tí kò bá dá a lójú ẹ má gbà á. Èyí tí kì í yún ara pàápàá ń gun igi, ẹ gbọ́dọ̀ máa já a kúrò.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gàrí ni gbogbo ilé ń béèrè, kò sì burú kí ilẹ̀ náà bọ́ ẹbí. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ máa ń bo igi kékeré mọ́lẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń fà á, ẹ máa fa gbòǹgbò igi jáde pẹ̀lú ẹ̀, ẹ tún máa da ilẹ̀ rú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àti àgbàdo ni kẹ́ ẹ fi sí i lọ́dún méjì àkọ́kọ́, pàápàá ẹ̀gúsí, torí ó ń rá bo ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀gẹ́ dandan, ẹ lọ gbìn ín síbòmíì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní oṣù kẹta, ẹ ṣí koríko tẹ́ ẹ tẹ́ kúrò. Ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, kí ẹ rí ìgbẹ́ ekòló bí òkìtì wẹ́wẹ́. Ẹ tún mú kókó ilẹ̀ kan tó ti gbẹ, tó tóbi tó èkùrọ́, ẹ rọra fi sínú ife omi tó mọ́. Tó bá fọ́ yángá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí omi dàrú, ilẹ̀ ò tíì ní agbára. Tó bá dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìtú, ó ti ń padà.

6. Ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá

Ẹ̀kan: tẹ́ ẹ bá ń gé e, ńṣe lẹ̀ ń bọ́ ọ. Gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ á tún ta òmíì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ lu ihò sí orí méjèèjì pákó yẹn, ẹ so okùn mọ́ ọn kó dé èjìká yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé àárín ẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara yín, ẹ fi okùn gbé pákó síwájú, ẹ tún tẹ̀. Apá kan náà ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí, kí ó dùbúlẹ̀ lórí ara ẹ̀. Igi ẹ̀ tó wọ́ yẹn ò kú kíákíá, kò ní tètè ta tuntun, á máa bo èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ lójú oòrùn. Ìgbà tó bá ti ga ju ìbàdí lọ ni kẹ́ ẹ ṣe é, tó bá kúrú á tún dìde. Ẹ fi ọwọ́ fa èyí tó wà nídìí igi kékeré, ní ìwọ̀n igbọ̀nwọ́ kan yíká, pẹ̀lú gbòǹgbò ẹ̀. Ẹ fi aṣọ pupa yẹn ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn míì ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ẹ má ṣe bí ọ̀tá sí i pátápátá. Ó ń pa ẹ̀kan, ewé ẹ̀ sì ń di ilẹ̀dú. Ẹ gé e nígbà tó bá ti ń bo igi, ẹ jù ú sílẹ̀ níbẹ̀, ó tán. Kìkì pé tó bá gbẹ, iná ẹ̀ burú.

Oògùn apakoríko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọn káàkiri ibi tẹ́ ẹ ti so aṣọ pupa. Kò mọ ìrókò yàtọ̀ sí ẹ̀kan.

7. Ìgbà wo lẹ máa wá gbin igi, irú èwo

Láti ìparí May sí ìbẹ̀rẹ̀ July. Ẹ má gbìn ín ní August torí òjò máa ń dáwọ́ dúró, ẹ má sì gbìn ín lẹ́yìn September, gbòǹgbò ò ní jìn tó kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ pò ó pọ̀. Ìrókò nìkan lójú kan, ẹ ń wá wàhálà. Kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma máa ń yé ẹyin sára ẹ̀, ewé á wú kókó-kókó, orí igi á jẹrà. Ọ̀gànwó náà, ìdin Hypsipyla á gbẹ́ ihò wọ ọ̀mùnú ẹ̀, igi á pín ẹ̀ka ní kékeré, kò ní dáa fún pákó mọ́. Méjèèjì fẹ́ ìbòòji díẹ̀ ní kékeré, kí wọ́n sì jìnnà sí ẹ̀yà wọn. Nítorí náà:

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ń yára bo ilẹ̀ síbẹ̀: afárá, ìdígbó, àyúnrẹ́, ahùn, ìyeyè. Ìyeyè tiẹ̀ ń yọ láti ara ẹ̀ka. Ẹ fi èyí tí ẹyẹ àti àdán ń jẹ sí i, agbálùmọ̀, òro, ìyeyè yẹn náà, torí àwọn ni wọ́n máa gbé èso igi míì wá látinú igbó tó wà nítòsí, àdán ló ń gbé èso ìrókò káàkiri. Lọ́dún kejì tí ìbòòji bá ti wà, ẹ wá fi ìrókò àti ọ̀gànwó há àárín wọn, bíi mítà 10 sí ara wọn. Orógbó àti obì lè wà lábẹ́ ẹ̀ fún ẹbí.

Mẹlínà: ó yára, ó ń rúwé láti kùkùté, ó dáa fún igi ìdáná. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ igbó Ọmọ̀ ni wọ́n ti gbìn ín sí. Àmọ́ tó bá jẹ́ igbó lẹ fẹ́ kó padà, ẹ fi í sí ààlà nìkan. Tíìkì náà bẹ́ẹ̀, ewé ńlá ẹ̀ máa ń kó omi jọ tó máa wá já bọ́ gààràgà sórí ilẹ̀, abẹ́ ẹ̀ máa ń ṣófo.

Èso agbálùmọ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ jẹ ẹ́ lónìí, ẹ gbìn ín lọ́la. Èso arère náà kì í pẹ́ kú, kì í sì í so lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ bá rí èyí tó so, ẹ yára. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra igi tó ti hù, ẹ lè béèrè ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa igbó, ní Ìbàdàn, tàbí nọ́sìrì ìjọba ìpínlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín, ẹ ya náílọ́ọ̀nù kúrò pátápátá. Tí gbòǹgbò bá ti ń yípo nísàlẹ̀, ẹ fi àdá gé ibi tó yípo náà. Ẹ má rì í jìn ju bó ṣe wà nínú náílọ́ọ̀nù lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ẹ̀ fẹ́ẹ̀rẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ìka méjì fa ewé kan lókè, fẹ́ẹ̀rẹ́. Ewé ló gbọ́dọ̀ já, igi ò gbọdọ̀ mì. Ẹ ka èyí tó yè ní December, kẹ́ ẹ tún kà á ní March. Tó bá ju ìdámẹ́ta lọ tó kú lójú ọ̀nà B, ẹ padà lọ fi agolo yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra òmíì.

8. Iná àti màlúù

Iná ọjọ́ kan ń jẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ní November, kí koríko tó gbẹ, ẹ ro ààlà yíká ilẹ̀ náà, kó fẹ̀ tó mítà 4 ó kéré tán, kó mọ́ dé ilẹ̀ pupa, ẹ tún gbá ìràwé kúrò nínú ẹ̀ ní January. Ẹ bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú, àwọn tó ń fi iná lé òkété jáde, ẹ lọ bá wọn nílé pẹ̀lú obì, ẹ má dúró dìgbà tí èéfín bá ti gòkè. Ẹ sọ fún àwọn olóko tó bá yín pààlà pé kí wọ́n pè yín kí wọ́n tó sun oko.

Màlúù ń jẹ ewé, ìyẹn kéré, pátákò ẹ̀ ló ń tẹ ilẹ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ẹ kó ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún dí ojú ọ̀nà katapílà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wọlé. Ó tún máa ń dá àwọn tó fẹ́ wá jí gẹdú gé lóru dúró.

9. Ọdún kejì sí ìkẹrin

Ìgbà mẹ́ta lọ́dún, April, July, October, ẹ ro ìdí igi tó ní aṣọ pupa, ẹ já ìtàkùn tó bá ti di orí ẹ̀ mú. Ẹ má gé gbogbo ìtàkùn inú igbó o, àwọn ẹranko ń jẹ èso ẹ̀. Kùkùté tó bá ta ẹ̀ka púpọ̀, ẹ dá méjì tó lágbára jù sí, ẹ gé ìyókù.

Nípa bó ṣe máa pẹ́ tó, kí ẹ má bàa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ kan kó àkọsílẹ̀ jọ láti ibi 77 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti jáwọ́ nínú oko tí igbó ń padà hù. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ fúnra ẹ̀ lè padà sípò láàárín ọdún mẹ́wàá, bí igbó ṣe rí àti iye irú igi tó wà nínú ẹ̀ máa ń gbà bí ọdún 25 sí 60, kí ìwúwo igi àti irú igi gan-an tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó padà, ó lè ju 120 lọ. Oko ni wọ́n wò, kì í ṣe ojú ọ̀nà katapílà, èyí tó bá dì gidi lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹ sọ fún ẹbí bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé, kó má di pé lọ́dún karùn-ún ẹnì kan á ní igbó yìí ò mówó wá, ká tún pe onígẹdú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ dúró sí àárín ẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Tí ìbòòji bá ti bo ibi tó pọ̀ jù, ẹ̀kan á ti máa kú fúnra ẹ̀, ìràwé á nípọn nílẹ̀, ìgbín á ti wà. Ẹ tún fi rọ́ọ̀dù àti agolo yẹ ọ̀nà B wò, kẹ́ ẹ fi wé ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Níbi tí oòrùn bá ṣì ń kan ilẹ̀, ẹ ti ẹ̀ka àgùnmániyè tuntun bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná kún un. Níbi tí igi bá sì ti ga ju àgùnmániyè lọ, ẹ máa gé àgùnmániyè náà díẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ da ewé ẹ̀ sí ìdí igi, igi ẹ̀ sì wà fún ìdáná.